Ọ̀rọ̀ Tí Ọkọ Mi Ń Fi Haúsá Sọ

Mo máa ń jowú. Mi ò ní purọ́ fún yín. Kí ọkọ mi tó lọ sójú ogun, obìnrin ni mò ń jowú, bíi gbogbo ẹgbẹ́ mi. Nígbà tó fi ẹsẹ̀ kan dé, mo ní ìyẹn ti tán. Ta ló fẹ́ bá mi du ọkùnrin tó ń fi igi rìn? Mi ò mọ̀ pé odindi àdúgbò ni yóò bá mi du ú.

Làìbéríà ni wọ́n kó wọn lọ. Wọ́n ní wọn ò lọ jà, pé ìjà ni wọ́n fẹ́ lọ là. Ẹni tó bá ti la ìjà rí mọ̀ pé onílàjà kì í ṣàìgba ẹ̀ṣẹ́. Oyún wà nínú mi nígbà tó di báàgì rẹ̀. Ọmọ ti ń jókòó fúnra rẹ̀ kí ìpè kan tó wọlé sórí fóònù obìnrin tó ń ta kọ́ọ̀lù lábẹ́ agboòrùn létí títì wa. Ó figbe ta.

"Ìyàwó Sójà! Sáré o, ọkọ ẹ wà lórí láìnì!"

Mo gbé ọmọ há abíyá, mo sáré. Ohùn ọkọ mi jìnnà bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga.

"Mò ń bọ̀ nílé," ó ní. "Àmọ́ ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ò bá mi bọ̀."

Mo ní, "Kí lẹ wí?" Láìnì já.

Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́yìn Owódé Onírin là ń gbé nígbà náà, níbi tí odò Ògùn kì í ti í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọdún tó dé gan-an ni omi tún yalé. Àwọn ọkùnrin tó ń wa yanrìn ní Agboyi gbé ọkọ̀ ojú omi wá, àmọ́ ọkọ̀ náà ò lè wọ kọ̀rọ̀ wa, ni ọ̀kan nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí ọkọ mi gun òun lẹ́yìn.

"Ẹ dì mí mú dáadáa o, Sójà wa. Ẹ má fún mi lọ́rùn, èmi kọ́ ni ọlọ̀tẹ̀!"

"Tó o bá jẹ́ kí n ṣubú sómi, wàá mọ ẹni tó ń jẹ́ ọlọ̀tẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ikùn wá. Èmi ń rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn nínú omi, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lórí, omi mù mí dé ìbàdí. Látìgbà tó ti dé, kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ fún mi. Ohun tí mò ń rò nínú omi yẹn nìyẹn, kì í ṣe àwọn abọ́ mi tó ń léfòó lọ.

Àwọn èèyàn yìí náà ló bá wa wá yàrá ní Ìkòsí. Lánlọ́ọ̀dù ní yàrá ìsàlẹ̀ tó wà níwájú ni Sójà wa máa gbà, pé kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn. Kápẹ́ńtà kan kan igi mọ́ ògiri balùwẹ̀ kó lè rí nǹkan dì mú. Àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí ń gbé oúnjẹ wá lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé tiwọn wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ títí orúnkún mi fi dúdú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jáde láti sá aṣọ, ohun tí mo máa gbọ́ ni: "Sójà wa ńkọ́? Ṣé Sójà wa ti jẹun?" Ẹnikẹ́ni ò béèrè bóyá èmi jẹun. Wa, wa, wa. Ó di ti gbogbo wa tán, èmi tó fẹ́ sílé ni ò rí tèmi mú.

Síbẹ̀, oúnjẹ kọ́ ló ń dùn mí. Ẹsẹ̀ ni. Ọkọ mi ò jẹ́ kí n rí i. Tó bá fẹ́ wẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Tó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ tó fi ń wé e, á ní kí n lọ wo ọmọ níta, ọmọ tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú àwa méjèèjì. Tó bá dùbúlẹ̀, á kọjú sí ògiri. Èmi tí mo mọ gbogbo àpá ara rẹ̀, àpá ẹgba ilé kéú, àpá ibi tí ajá ti gé e jẹ ní kékeré, mi ò mọ èyí tó tóbi jù. Mo ní kí n bá a fi omi gbígbóná sí i, ó ní, "Fi í lẹ̀." Mo ní kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó ní, "Ogun ni. Kí lo tún fẹ́ gbọ́?"

Àlájà kan ló mú un jáde nílé. Alálùbọ́sà ni ní Mile 12, opó tó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé Kánò rí. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, àmọ́ kò tíì darúgbó, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ó pupa, eyín rẹ̀ funfun, bó bá sì wé gèlè lọ sọ́jà, ẹ máa rò pé òde ló ń lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Sójà, ṣé o máa jókòó síbí títí ẹsẹ̀ kejì á fi rà ni?"

Inú ti fẹ́ bí mi. Ọkọ mi ní, "Àlájà, iṣẹ́ wo ni mo lè ṣe?"

"Ẹsẹ̀ kọ́ la fi ń ṣa àlùbọ́sà. Ojú la fi ń rí i, ọwọ́ la fi ń jù ú nù."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe di ẹni tó ń ṣa àlùbọ́sà tó ti rà kúrò lára èyí tó dáa. Àwọn Haúsá tó wà ní ṣẹ́ẹ̀dì Àlájà fi pákó kan àga fún un, wọ́n tẹ́ àpò sórí rẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ Haúsá. Inú bárékè ní Kàdúná ló ti kọ́ ọ. Inú mi dùn lóòótọ́. Ó ń jáde láàárọ̀, ó ń rùn fún àlùbọ́sà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé oúnjẹ lọ bá a láìjẹ́ kó mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò. Ọkọ mi wà lórí àga rẹ̀, ó ti ká ṣòkòtò sókè. Àlájà jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, ó gbé kùkùté ẹsẹ̀ yẹn lé itan ara rẹ̀, ó ń fi òrí ra á. Ní gbangba! Lójú ọjà! Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ ní Haúsá, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin tó yí i ká dákẹ́, ọ̀rọ̀ kan sì ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lemọ́lemọ́: matata. Matata báyìí, matata bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè tó rí mi, ó já ṣòkòtò yẹn sílẹ̀ bí ẹni tó rí agbowó-orí lọ́ọ̀ọ́kán tó sáré ti ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyàwó wa, káàbọ̀," Àlájà ní, ọwọ́ rẹ̀ ń dán fún òrí. "Kí lo sè fún wa?"

Fún wa! Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Ṣùgbọ́n orúnkún mi nìkan ló kí i.

Mò ń ro ọ̀rọ̀ náà títí mo fi délé. Ẹni tó bá ti ṣe ìyàwó ilé láàárín wa mọ̀ pé a kì í sọ èèyàn lórúkọ lásán. Nígbà tí èmi wọlé ọkọ, gbogbo àbúrò rẹ̀ ni mo fún ní orúkọ tèmi: ọ̀kan ń jẹ́ Akọ̀wé, ọ̀kan ń jẹ́ Ìdí-Ìlẹ̀kẹ̀, èyí tó kéré jù ń jẹ́ Ọkọ Mi Kékeré. Inú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ wà. Mo ní, ó parí, ọkọ mi ti fún obìnrin yìí lórúkọ. Matata. Ó tún wá dùn lẹ́nu.

Bàbá kan láti Kàtsínà ló ń ta omi fún ilé wa, mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì. Mo dúró tì í láàárọ̀ ọjọ́ kejì bó ṣe ń da omi sínú dúrọ́ọ̀mù mi.

"Mẹ́ruwà, kí ni wọ́n ń pè ní matata?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín tí obì ti pọ́n yọ síta. "Matata? Ìyàwó tèmi nìyẹn. Ó wà ní Kàtsínà. Ó sanra."

"Mi ò béèrè ìyàwó yín. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń béèrè."

"Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni. Matata: ìyàwó mi."

Mo di dúrọ́ọ̀mù mú. Ìyàwó mi! Lójú ọjà, lójú àwọn ọkùnrin, ọkọ mi ń pe alálùbọ́sà ní ìyàwó mi, èmi sì gbé ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí lọ fún wọn jẹ.

Kí ni mo lè ṣe? Tí mo bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nílé, á ní kí ni mo gbọ́, ṣebí mi ò gbọ́ Haúsá. Òótọ́ sì ni. Mo wá pinnu pé màá gbọ́ ọ. Bí mẹ́ruwà bá ti ń da omi láàárọ̀, èmi á máa da ìbéèrè. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Kafa. Ogun ńkọ́? Yaki. Mò ń kọ wọ́n lórin tí mo bá ń wẹ ọmọ, kí n má baà gbàgbé. Ọmọ mi mọ ruwa kó tó mọ omi. Ìyá ọkọ mi wá kí wa, ọmọ nawọ́ sí ife, ó ní, "Ruwa." Màámi wo ọmọ, wọ́n wò mí.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "Haúsá wo ló ni ọmọ yìí?"

Nígbà tí etí mi ti là díẹ̀, mo padà sí ṣẹ́ẹ̀dì, mo dúró sẹ́yìn àpò bí ẹni tó ń nájà. Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ yaki. Mo gbọ́ kafa. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Matata ba ta sani ba." Àwọn tó kù mi orí. Mo gbé gbólóhùn yẹn sẹ́nu bí ẹni tó gbé ẹyin sọ́wọ́, mi ò kí èèyàn lọ́nà, mi ò dá ẹni tó kí mi lóhùn, títí mo fi rí mẹ́ruwà níbi tó ti ń pọnmi.

"Matata ba ta sani ba. Kí nìyẹn?"

Ó sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. "Ìyàwó mi, kò mọ̀. Nǹkan yẹn, ìyàwó mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Kì í ṣe Àlájà ló ń pè ní matata. Èmi ni. Èmi lọ̀rọ̀ ń bá wí látọjọ́ yìí.

Ẹ máa rò pé ara tù mí. Kò tù mí rárá. Obìnrin, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà: mo máa bú u, mo máa fa gèlè orí rẹ̀ ya, àwọn èèyàn á sì là wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fa gèlè ohun tí mi ò mọ̀ ya? Àlájà mọ̀ ọ́n. Àwọn alálùbọ́sà mọ̀ ọ́n. Alábàárù tó ń ru àpò kọjá mọ̀ ọ́n. Bóyá àwọn àlùbọ́sà gan-an mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo bímọ fún un ni mi ò mọ̀.

Mo pọn ọmọ, mo padà sọ́jà lọ́sàn-án yẹn kan náà. Mo dúró láàárín ṣẹ́ẹ̀dì, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lọ́nà, kó lè mọ̀ pé mo ti gbọ́ ọ.

"Mene ne matata ba ta sani ba?"

Ẹ̀rín bú jáde ní gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì. Àgbà Haúsá kan tó ń rán ẹnu àpò sọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ nù.

"Ìyàwó Sójà! Ìwọ náà ti fẹ́ ìyàwó? Níbo lo fi í sí?"

Mi ò mọ̀ pé ẹnu ọkọ mi nìkan ni matata ti lè jẹ́ èmi. Bí èmi bá sọ ọ́, ìyàwó tèmi ni mò ń wí. Mo dúró ní ọjà Mile 12, mò ń bi ọkọ mi pé kí ni ohun tí ìyàwó mi ò mọ̀. Àlájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Òun gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Àlájà wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu òun náà. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ ká lọ wo ọkọ̀ tó ń já ẹrù."

Wọ́n ní, "Ọkọ̀ wo?"

"Èyí tí mo ní kẹ́ ẹ lọ wò." Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, ó ní, "Mo ti ń wí fún ẹ látijọ́, Sójà. Ibi tó yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kọ́ lo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Ó ku àwa méjèèjì, àti ọmọ ẹ̀yìn mi.

"Ta ló kọ́ ẹ ní Haúsá?" ọkọ mi béèrè.

"Mẹ́ruwà."

"Abájọ. Bí ẹni tó ń polówó omi lo ṣe ń sọ ọ́."

Mi ò rẹ́rìn-ín. "Kí ni mi ò mọ̀? Sọ fún mi." "Ẹ" ni mo máa ń lò fún un, látìgbà tó ti ń fẹ́ mi sọ́nà. Ọjọ́ yẹn, "sọ" ló bọ́ lẹ́nu mi, kì í ṣe "ẹ sọ." Kò bá mi wí.

Ó mú àlùbọ́sà kan, ó ń bó o, kò wò mí. Ó ní ogun ò rí bí àwọn èèyàn ṣe rò ó. Ìjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èèyàn á jókòó ti àpò yanrìn láti àárọ̀, ẹ̀fọn á máa jẹ ẹ́, á máa ro ọbẹ̀ ilé. Ó ní ìgbà tí kò bá sí ariwo ni ẹ̀rù máa ń ba àwọn jù. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, wọ́n ń rìn lọ lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn ń dápàárá, kò tíì parí rẹ̀ tí ilẹ̀ fi bú gbàmù.

"Mo wà nílẹ̀. Sójà ẹlẹgbẹ́ mi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pe ìyàwó ẹ̀. Ó ń pè é títí ohùn ẹ̀ fi tán. Wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ẹni téèyàn fẹ́ràn jù ló máa ń rántí." Ó ya èèpo kan kúrò lára àlùbọ́sà. "Èmi ò rántí ẹ."

"Ẹ̀n?"

"Mi ò rántí ẹ. Mi ò rántí ọmọ tí mi ò tíì fojú rí. Mi ò tiẹ̀ rántí ìyá mi. Bàtà mi ni mò ń rò."

"Bàtà?"

"Bàtà tuntun ni. Látìgbà tí mo ti wọṣẹ́ ológun, èyí tí wọ́n bá fún mi, bí kò há, á tóbi. Èyí nìkan ló bá ẹsẹ̀ mi mu. Mo kùn ún láàárọ̀ yẹn, ó ń dán. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, mò ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra bọ́ ọ, kó má fi ọ̀bẹ gé e. Ẹsẹ̀ inú ẹ̀ ti lọ, torí bàtà ni mo ṣe ń sunkún."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn alálùbọ́sà ló sọ ọ́ fún.

"Torí kò sí ẹni tó yẹ kí n rántí nínú wọn," ó ní. "Tí mo bá sì fi Yorùbá sọ ọ́, á há mi lọ́fun. Tí mo bá fi Haúsá sọ ọ́, á dà bí ẹni pé sójà mìíràn ló ń sọ ọ́. Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kó o rí ẹsẹ̀ yìí náà nìyẹn. Mo mọ̀ pé tó o bá ti rí i, wàá béèrè ohun tí mò ń rò lọ́jọ́ yẹn. Mo sì mọ irọ́ tí mo máa pa fún ẹ."

Ó ju èèpo àlùbọ́sà sílẹ̀. "Àwọn èèyàn ń pọ̀n mí, wọ́n ń bọ́ mi, wọ́n ń pè mí ní Sójà wa. Ojú máa ń tì mí. Mo sọ fún Àlájà pé èmi kì í ṣe akọni tí wọ́n rò. Ó ní bóun bá ń wá akọni, òun ò ní wá sílé wa, ẹni tó mọ àlùbọ́sà ṣà lòun ń wá."

Ó dùn mí. Mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Mo ti jowú obìnrin, mo ti jowú àdúgbò, mo ti jowú èdè. Lọ́sàn-án yẹn, mo dúró láàárín àlùbọ́sà, mò ń jowú bàtà. Mo bi í ní àwọ̀ rẹ̀. Ó ní dúdú. Mo bi í bóyá ó lókùn. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú, ó ní bàtà sójà wo ni kì í lókùn? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa ni. Orogún ẹni, a máa ń fẹ́ mọ ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ìyàwó sójà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹn, obìnrin tí wọ́n pè títí tí kò gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti lọ sọ fún un pé òun ni ọkọ rẹ̀ rántí. Mi ò sì mọ̀ bóyá, tí wọ́n bá ní kó wá mú èyí tó wù ú, ìrántí yẹn ló máa mú, tàbí ọkùnrin tó délé láìrántí ẹnikẹ́ni, tó jókòó síwájú mi tí omi àlùbọ́sà ń ta á lójú.

"Ẹ ká ṣòkòtò yẹn sókè," mo ní.

"Níbí?"

"Ṣé ibí kọ́ lẹ ti ń ká a fún Àlájà ni?"

Ó ká a. Kò rí bí mo ṣe ń rò ó ní gbogbo ìgbà tí mò ń sùn tì í. Mo ti rò pé yóò bà mí lẹ́rù. Ó kéré. Orí rẹ̀ rí roboto, ó ń dán, ojú ibi tí wọ́n rán dà bí ẹnu àpò tí ẹni tó ń kánjú rán. Ibì kan wà níbẹ̀ tó rọ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì rìn. Agolo òrí wà nílẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí Àlájà, mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan mi, mo bu òrí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra á.

Ọkọ mi fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. "Rọra. Àlájà kì í tẹ̀ ẹ́ báyìí."

"Ẹ má dárúkọ Àlájà sí mi létí."

"Ó ń dùn mí ni mo fi sọ."

Mo dẹ ọwọ́. Ó ṣì ń dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀. Mo gbìyànjú lókè, mo gbìyànjú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi eyín di ètè mú, kò fẹ́ kí n mọ̀. Mi ò mọ ọ̀nà.

Àlájà ti dé, ó dúró lẹ́yìn mi. Ó nawọ́ sí agolo òrí bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò gbé e fún un. Mo di agolo mú, òun náà ò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ mi ń wo àwa méjèèjì.

"Àlájà," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣòro lẹ́nu mi ju Haúsá lọ.

Ó kúnlẹ̀ tì mí lórí èèpo àlùbọ́sà, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi. "Má tẹ ibi tí wọ́n rán. Láti òkè wá sísàlẹ̀. Àtàǹpàkò ni kó o lò. Bẹ́ẹ̀. Má kánjú." Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó le ju bí mo ṣe rò ó lọ, ó sì mọ gbogbo ibẹ̀. Mò ń jowú ọwọ́ yẹn bó ṣe ń darí tèmi. Mi ò yọ tèmi kúrò lábẹ́ rẹ̀.